Mílíìkì Kì Í Fọ Ẹ̀dọ̀fóró

                                                  Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Olúwakẹ́mi,
                                                  Ìbà, Ọ̀jọ́,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Adébísí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Dámilárá,

Ẹ kú ilé o. Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Abẹ́òkúta? Ẹsẹ̀ màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń gbé wọn dé ilé aládùúgbò báyìí, àbí wọ́n ṣì ń bá ọ jà pé o kò jẹ́ kí wọ́n jáde? Dámilárá ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ga jù ọ́ lọ. Kò yà mí lẹ́nu, ta ni kò ga jù ọ́ lọ? Má bínú o, o mọ̀ pé tí mo bá ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi ń dùn nìyẹn. Àánú àti àwọn àbúrò rẹ̀ ní kí n kí ọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì náà ń béèrè rẹ. Ibi tí o máa ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, èmi ni mo ti gbà á, atẹ́gùn ibẹ̀ dára púpọ̀.

Ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé èmi Beatrice ni mo jókòó tí mo ń kọ lẹ́tà. Kì í ṣe pé kò sí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá ló fà á. O ní ikọ́ Bàbá Dámilárá kò tíì lọ, pé wọ́n kàn ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ ni, àti pé o ti ra odidi páálí mílíìkì sílé kí wọ́n máa fi fọ eruku òkúta kúrò láyà. Bí mo ṣe fẹ́ dá ọ lóhùn, iná fóònù mi kú. Ó tiẹ̀ dára tó kú, nítorí igbe ni ǹ bá ké mọ́ ọ, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Wá àga, jókòó, kí Bàbá Dámilárá náà jókòó tì ọ́, kí ẹ jọ kà á.

Kí ẹ̀rù má bà ọ́ o. Bàbá Àánú wà láàyè, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Láàárọ̀ yìí gan-an wọ́n ní ẹ̀wà tí mo sè kò jinná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹnu tí wọ́n fi ń rojọ́ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí lọ́dún yìí kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti kọ́kọ́ fura. O mọ̀ pé Bàbá Àánú ló máa ń dá orin. O mọ ohùn yẹn. Ohùn yẹn ni mo tẹ̀lé dé ilé ọkọ, kì í ṣe owó, nítorí kò sí owó kankan nígbà náà. Wọ́n wọ sùtánà funfun tí mo lọ̀ fún wọn, wọ́n dìde, wọ́n dá orin. Orin dé àárín ìlà kìíní, ó dúró. Mo rò pé wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí èjìká wọn tó ń lọ sókè sódò, bí ẹni pé wọ́n sáré láti Ọ̀jọ́ wá sí Ìbà. Àwọn obìnrin gba orin náà lẹ́nu wọn, ìjọ ò mọ nǹkan kan. Èmi mọ̀. Bí a ṣe ń bọ̀ nílé, wọ́n ń dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ń wo ọjà tí wọ́n pàtẹ. Ọjà wo? Pátá obìnrin ni wọ́n pàtẹ síbẹ̀!

Ikọ́ ti wà tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ka ikọ́ sí níbi iṣẹ́ wọn ní Òkòkòmáíkò? Mo ra oògùn ní kẹ́míìsì, kò gbọ́. Mo fún wọn ní orógbó àti oyin, kò gbọ́. A lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, wọ́n ní kì í ṣe ikọ́ ife. Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin pè mí láti Ìsẹ́yìn, tó ní, “Beatrice, kí lò ń fún àbúrò mi jẹ tó fi ń gbẹ báyìí?” Ó rẹ́rìn-ín sí i o. Èmi ò rẹ́rìn-ín rárá.

Ìdí tí mi ò fi rẹ́rìn-ín ni Àǹtí Bàrákátù. O rántí wọn, ìyàwó Ọ̀gá Sherif tó kọ́ ọkọ tèmi àti ọkọ tìrẹ níṣẹ́ gígé òkúta. O rántí bí Ọ̀gá ṣe wúkọ́ títí tí wọ́n fi gbẹ mọ́ egungun, tí wọ́n sì kú. O sì rántí ohun tí àwọn ẹbí Ọ̀gá ṣe. Wọ́n ní Àǹtí ló pa ọkọ wọn jẹ. Kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé, ẹrù Àǹtí ti wà níta nínú òjò. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá nígbà náà ni ẹbí ní kí wọ́n bá àwọn kó o síta, Bàbá Àánú sì wà nínú wọn.

Mo wá mú Bàbá Àánú lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ìjọ. Mo rò pé wọ́n á ríran sí i. Wọ́n wo Bàbá Àánú, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan ju ọkùnrin tí kò lè mí dáadáa lọ, pé kí á máa lọ bá dókítà, àwọn á máa fi àdúrà tì wá lẹ́yìn. Báyìí ni a ṣe dé ọsibítù.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kò ju àbúrò wa lọ, Ọmọ́tọ́ṣọ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Èkìtì ni, ahọ́n rẹ̀ kò sì fi pamọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi Bàbá Àánú kì í ṣe pé kí ló ń ṣe yín. Ó ní, “Dádì, iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?” Wọ́n ní àwọn ń gé gíránáìtì àti mábù tí wọ́n fi ń ṣe orí tábìlì ìdáná. Ó ní láti ìgbà wo? Wọ́n ní kí Àánú tó dáyé ni. Ó ní ṣé wọ́n máa ń da omi sí òkúta náà bí wọ́n bá ń gé e? Bàbá Àánú rẹ́rìn-ín, wọ́n ní iná mànàmáná ni maṣíìnì ọwọ́ àwọn ń lò, ta ló fẹ́ kú?

Ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò àyà. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ọ̀pá lẹ́nu jáde, ó ní kí wọ́n fa èémí sínú, kí wọ́n wá fẹ́ ẹ síta pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Wọ́n fẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n tún un fẹ́. Wọ́n tún un fẹ́. Bàbá Àánú wá ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, pé kí wọ́n gbé e fún ìyàwó àwọn kí ó fẹ́ ẹ, kí dókítà lè rí i pé ó ti bàjẹ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó pààrọ̀ ẹnu ọ̀pá náà, ó gbé e fún mi. Adébísí, èmi tí gbogbo ara mi kò tó itan wọn kan, mo fẹ́ ẹ, ohun tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tiwọn! Mo kọ́kọ́ yọ̀. Mo ti fẹ́ sọ pé, “Ẹ wá wo ẹni tó ń pariwo lé mi lórí nílé!” Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni ọ̀rọ̀ náà kú sí mi lẹ́nu. Wọ́n ń wo ẹ̀rọ yẹn bí ẹni pé ó bú wọn.

Dókítà gbé fọ́tò náà síwájú iná, ó fi ìka tọ́ka sí àwọn ojú funfun wínníwínní tó kún inú rẹ̀. Ó ní eruku tí à ń rí lára aṣọ wọn kọ́ ló burú jù, èyí tí ojú kò lè rí ni. Eléyìí tó tóbi, imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń dá a dúró, a ó sín in síta tàbí kí á hú u. Ṣùgbọ́n èyí tó kúnná jù á wọlé lọ títí dé àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ níbẹ̀ tó máa ń gbé ohun tí kò yẹ mì. Bó bá jẹ́ kòkòrò àìsàn ni, wọ́n á pa á jẹ. Òkúta ńkọ́? Ta ló lè jẹ òkúta kó dà nínú rẹ̀? Wọ́n á gbé e mì, kò ní dà, á pa wọ́n, á tún bọ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn á tún wá gbé e mì. Bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ á máa wú, ara á rò pé ọgbẹ́ ló wà níbẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àpá bò ó. Bí eruku bá tún wọlé lọ́la, àpá á tún gun orí àpá.

Ó wá wo àpá ọwọ́ mi, ó ní kí n na ọwọ́ òsì mi. O mọ àpá tó wà ní ìgúnpá mi, èyí tí epo àkàrà jó nígbà tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà ní Òkòkòmáíkò, tí ìwọ lo sáré gbé omi wá. Mo na ọwọ́ náà, kò nà tán, bó ṣe máa ń ṣe. Dókítà ní, “Ẹ ṣé Mọ́mì. Dádì, ẹ wò ó. Awọ tó bá ti lápá kì í nà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀fóró yẹ kó máa nà, kó máa súnkì, gbogbo ìgbà tí ẹ bá mí. Ohun tó ṣe ìgúnpá Mọ́mì ló ń ṣe é.” Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti na ọwọ́ òsì gbé ìkòkò, àyà ọkọ mi ni mò ń rò.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Àánú wá yọ ohun ìjà wọn jáde. Wọ́n ní, “Ṣùgbọ́n mò ń mu mílíìkì!” Ìwọ náà mọ bó ṣe rí. Ọ̀gá Sherif ló dá a sílẹ̀, pé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, gbogbo àwọn tó ń gé òkúta á jókòó sórí òkúta tí wọn ò tíì tà, kálukú á gba agolo mílíìkì kan, wọ́n á ní àwọn ń fọ àyà. Láti ìgbà tí Ọ̀gá ti kú, Bàbá Àánú ló ń pín in. Kò ya dókítà lẹ́nu rárá. Ó ní àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kun mọ́tò ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà nínú ọ̀fun. Mílíìkì ń gba ọ̀nà ikùn, eruku ń gba ọ̀nà èémí, wọn kì í pàdé. Ó ní, “Dádì, tí mílíìkì bá dé inú ẹ̀dọ̀fóró yín, a jẹ́ pé ẹ ti ń rì nìyẹn.”

Mo bi í pé oògùn rẹ̀ ńkọ́. Kò fi oyin sí i fún mi. Ó ní àpá tó ti wà níbẹ̀, kò sí oògùn tó lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní tiwọn kò tíì jinlẹ̀ jù. Bí wọ́n bá jáwọ́ nínú eruku báyìí, ó ṣeé ṣe kó má yára tàn mọ́, kí wọ́n sì fi èyí tó kù mí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní ikọ́ ife fẹ́ràn irú àyà bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n máa wá fún àyẹ̀wò déédéé. Mo ní bí wọn ò bá wá jáwọ́ ńkọ́? Ó ní àpá á máa pọ̀ sí i títí èémí á fi tán.

Ṣé o rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Ọkọ mi kọ́! Ọjọ́ Ajé, wọ́n gbéra, ó di ibi iṣẹ́. Mo ki ìbòmú bọ̀ wọ́n lápò. Ó bá wọn lọ, ó sì bá wọn bọ̀, kò tilẹ̀ dọ̀tí. Wọ́n ní bí àwọn ṣe yọ ọ́ jáde ni Isaac, ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ní, “Ọ̀gá, ṣé Kòrónà tún ti dé ni?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n gan-an. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún àwọn tó ti ń pín mílíìkì fún láti ọjọ́ yìí pé mílíìkì náà kò ṣiṣẹ́?

Ibi tó ti wá fẹ́ bàjẹ́ pátápátá ni ìgbà tí iṣẹ́ ńlá kan dé. Alàgbà Ayọ̀bámidélé, ará Oǹdó kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ra ilé àtijọ́ kan níbí ní Ìbà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n ní kí Bàbá Àánú àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kọ́kọ́ fi òòlù fọ́ gbogbo àjà ilé náà dànù, kí wọ́n wá tẹ́ táìsì, kí wọ́n ṣe ìdáná olókùúta. Àjà ọ̀hún jẹ́ irú èyí tó rí bíi pátákó sìmẹ́ńtì, tó láwọ̀ eérú, tí a ń pè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Mo pe Dókítà Ọmọ́tọ́ṣọ́ kíákíá. Ó ní “Á à! Mọ́mì, kí wọ́n má fọ́ ọ o!” Ó ní bí àjà náà bá wà jẹ́jẹ́ lókè, tí kò fọ́, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi òòlù lù ú ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ á dà bí abẹ́rẹ́ tí ojú ò rí, á gún wọnú ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Á dá àpá síbẹ̀ bíi ti òkúta, ó sì lè di jẹjẹrẹ fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní iṣẹ́ àwọn tó kọ́ ọ ni.

Mo sọ ọ́ fún Bàbá Àánú bí wọ́n ṣe ń jẹun. Wọ́n ní àwọn ti gba iṣẹ́, ọkùnrin kì í gba iṣẹ́ tán kó tún sá. Adébísí, mo gbé ọbẹ̀ kúrò níwájú wọn. Mo ní, “Ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín ní Ìsẹ́yìn, kí ẹ sọ fún wọn pé eruku ló ń pa yín, pé Beatrice kọ́. Torí tí ẹ bá kú, wọn ò ní lọ bá eruku. Èmi ni wọ́n máa wá bá, bí wọ́n ṣe lọ bá Àǹtí Bàrákátù. Ẹ̀yin lẹ bá wọn gbé ẹrù Àǹtí síta. Ta lẹ fẹ́ kó gbé tèmi?” Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n jáde lọ jókòó síta. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Mo sunkún nínú ìdáná, mo sì fọ abọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí n tó pọn omi dé, wọ́n ti jáde. Mo ní, “Ó parí!” Mo so ìró mi le, mo forí lé ilé Alàgbà. Ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, èmi gan-an ò mọ̀, bóyá kí n lọ jókòó sórí àkàbà tí wọ́n fẹ́ gùn. Mo dé ibẹ̀, mo bá àwọn ọmọ iṣẹ́ níta, òòlù wọn wà nílẹ̀. Bàbá Àánú dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn, wọn ò jẹ́ kí ẹnì kankan wọlé! Alàgbà ń pariwo, “Akínkúnmi, kí ló dé? O ti gba iṣẹ́! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ wọlé! Àjà yìí ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni!” Bàbá Àánú fẹ́ dáhùn. Wọ́n ní, “Alàgbà, eruku rẹ̀…” Èémí tán. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, “Eruku rẹ̀…” Ikọ́ gbà á lẹ́nu wọn.

Gbogbo ìbínú tí mo rù wá, mi ò mọ ibi tó gbà lọ. Ṣé o rí i, ọkùnrin yìí ti gbọ́. Ó ti gbọ́ mi, kò kàn lè sọ pé òun gbọ́ ni. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sì bá wọn sọ ìyókù. Èmi ṣáà ní èémí tó pọ̀, dókítà ti wọ̀n ọ́n! Mo sọ ti àpò kéékèèké, mo sọ ti àwọn ọmọ ogun tó ń gbé òkúta mì, mo na ìgúnpá mi fún Alàgbà kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Alàgbà wo àjà, wọ́n wo Bàbá Àánú tó ń wá èémí. Wọ́n wá ní, “Tí ẹ bá fọ́ ọ, ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà ló máa máa fa eruku rẹ̀ símú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Alàgbà kùn, wọ́n bú mi díẹ̀, wọ́n wá àwọn tó mọṣẹ́ náà. Àwọn yẹn wọ aṣọ tó bò wọ́n látòkè délẹ̀, wọ́n rin àjà náà lómi, wọ́n tú u lódidi láìfọ́ ọ. Ó pẹ́ lóòótọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì ti gba ilé síbòmíràn. Ṣùgbọ́n Bàbá Àánú ló ṣe ìdáná olókùúta náà lẹ́yìn rẹ̀, Alàgbà ò gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, Isaac oní-Kòrónà tẹ̀lé wa dé ìdajì ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá Àánú, ṣé èmi náà lè lọ fẹ́ ẹ̀rọ yẹn?” Gbogbo wọn ló lọ. Wọ́n rí àmì díẹ̀ láyà ẹnì kan, tí àwọn yòókù mọ́. Èmi náà ṣe é, tèmi mọ́. Nígbà tí dókítà gbọ́ pé mo máa ń gbọn aṣọ iṣẹ́ wọn kí n tó fọ̀ ọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí. Báyìí, aṣọ iṣẹ́ kì í wọ ilé mi mọ́, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń rì í sómi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Àánú ní kí á lọ sí Ọ̀jọ́. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bàrákátù ni a lọ. Aṣọ òkìrìkà ni wọ́n ń ta báyìí, orí wọn ti funfun. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín aṣọ, tòun ti sùtánà funfun. Ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin kọ́. Eruku òkúta ni. Ohun tó pa Ọ̀gá ló wà láyà tèmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.” Ó fa fọ́tò àyà rẹ̀ jáde. Àǹtí gbà á, wọ́n gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, “Sherif máa ń sọ fún mi pé òkúta ló jókòó sí òun láyà. Mo rò pé ìrora ló ń mú un sọ bẹ́ẹ̀.” Wọ́n sunkún, àwa náà sunkún. Nígbà tó yá, wọ́n nu ojú, wọ́n bi wá bóyá a ti jẹun. Wọn ò jẹ́ ká lọ láìjẹun. Bí a ṣe délé, Bàbá Àánú pe ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìsẹ́yìn, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì pe àwọn ẹbí Ọ̀gá náà. Ẹlòmíràn gbà, ẹlòmíràn ò gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́.

Ibi iṣẹ́ náà ti yí padà. A lọ sí Ọjà Àlàbá, ọmọ Ìbò kan tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ ní, “Ìyá, èyí tó ń bu omi fúnra ẹ̀ lẹ ń wá.” Ó fi maṣíìnì kan hàn wá tí abẹ rẹ̀ ń yí nínú omi, tó sì ní ohun tó ń pa iná fúnra rẹ̀ bí omi bá dé ibi tí kò yẹ. Òun ni gbogbo wọn jọ dá owó rà. Bàbá Àánú kì í gé òkúta mọ́. Àwọn ni wọ́n ń lọ wọn ilé oníbàárà, tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, tí wọ́n sì ń jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá yọ ìbòmú. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọ́n ṣì ń jókòó sórí òkúta. Owó mílíìkì ti di owó ìbòmú, irú èyí tó nípọn, kì í ṣe aláṣọ.

Mi ò ní parọ́ fún ọ. Àpá náà kò lọ. Wọn ò lè gun òkè tó wà lọ́nà Yunifásítì láìdúró mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún lọ fẹ́ ẹ̀rọ náà, kò lọ sílẹ̀ sí i, dókítà sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dá orin, ìlà kúkúrú kan péré. Bí èémí ṣe tán, àwa obìnrin gba ìkejì, wọ́n sinmi, wọ́n tún dá ìkẹta. Bí orin wa ṣe ń lọ báyìí nìyẹn. Ohùn náà kò tíì yí padà, Adébísí.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, páálí mílíìkì tó wà nílé rẹ yẹn, dà á sínú ògì àwọn ọmọ. Bá mi kí màmá, kí wọ́n má bínú sí ọ jù. Kí Dámilárá, ní kí ó dẹ́kun gíga. Kí gbogbo àwọn tó ń gé òkúta lọ́dọ̀ Bàbá Dámilárá. Bí ìwọ àti wọn bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí tán, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ máa lọ sí ọsibítù. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ, tí Bàbá Dámilárá sì ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, ìwọ gbà á, kí o fẹ́ ẹ.

                                                  Ẹni tó ṣì ní èémí tó pọ̀ láti bá ọ jà,
                                                  Beatrice, Ìyá Àánú.